Irúgbìn Abẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Nojeem

Òkú ọmọọ́lé kan ló kọ́kọ́ fa ojú ọ̀gá mi mọ́ra. Etí fèrèsé yàrá Nojeem ló kú sí, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sókè. Èmi ti gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì, n kò kà á sí. Nínú ilé tí wọ́n ti ń sunkún ọmọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, ta ni yóò máa wo òkú ọmọọ́lé?

Ṣùgbọ́n Ínspẹ́kítọ̀ Comfort Olúsànyà kì í ṣe ẹni tí í fojú fo nǹkan. Ọmọ Òkè Padre ni wọ́n, ọmọ ìjọ Aládùúrà, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu wọn. Èmi Sájẹ́ǹtì Jubril, ọmọ Bẹyẹrunká, ni Ọlọ́run fi ẹnu jíǹkí. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rán wa níṣẹ́ pọ̀. Madam fi bírò yí ọmọọ́lé náà padà, wọ́n wò ó títí, wọ́n wá kúnlẹ̀, wọ́n yọjú sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Jubril, kí ni Nojeem jẹ kó tó kú?"

"Ẹ̀gbo ni, Madam. Ẹ̀gbo àgbàdo oníná tí ìyàwó rẹ̀ sè fún un."

"Ọmọọ́lé yìí ńkọ́? Ṣé òun náà bá wọn jẹ ẹ̀gbo?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Eku méjì ló kú síbẹ̀, àwọn aáyán dojú bolẹ̀ káàkiri. Eruku bo gbogbo ilẹ̀ náà àfi ojú ibì kan tó rí róbótó, bí ìgbà tí ìdí àpò kan ti wà níbẹ̀, tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kúrò. Àgbàdo díẹ̀ dà sí etí rẹ̀, pupa fòò ni, ẹnu rẹ̀ dúdú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìyẹ̀fun kan wà tó dà bí eérú.

Madam fi bébà kó díẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú hóró àgbàdo náà, wọ́n nà án sí mi. "Gbóòórùn rẹ̀. Má fà á wọnú o."

"Ó ń rùn bí aáyù tó ti bàjẹ́."

Wọ́n ká bébà náà, wọ́n sì ní kí n ṣí fèrèsé méjèèjì sílẹ̀ gbayawu. N kò bèèrè ìdí rẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i, èéfín igi láti ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé gba ibẹ̀ wọlé, ó ta mí lójú, mo sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò yẹ kí n sọ nílé olókùú.

Ọ̀rọ̀ náà kò díjú lójú àwọn ará Ọ̀rányàn. Bushrah, ìyàwó Nojeem, kàwé nípa iṣẹ́ ọ̀gbìn. Òun ló ní kí wọ́n má fi oògùn tọ́jú irúgbìn. Ó kó àpò àgbàdo irúgbìn ìdílé náà lọ sí ìlú mìíràn, níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń fi ìtànṣán tọ́jú ọkà kí kòkòrò àti àrùn má baà jẹ ẹ́; àgbàdo tó bá gba ibẹ̀ kọjá ni àwọn ará ilé ń pè ní oníná. Nígbà tó kó o dé, ó sè díẹ̀ ní ẹ̀gbo kí àwọn ará ilé lè rí i pé kò sí ewu. Nojeem jẹ ẹ́, Bushrah kò jẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni Bushrah lọ sùn ti ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá ní Bẹẹrẹ. Òjò rọ̀ mọ́jú. Nojeem bì, àyà rẹ̀ há, kí wọ́n sì tó pe ìrun àsùbáà ó ti dákẹ́. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín kí oòrùn tó mú, bí ẹ̀sìn ti wí. Ìgbà tí wọ́n bo ilẹ̀ mọ́ ọn tán ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wá fẹjọ́ sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá wa.

Ọ̀gá àgbà wa ní kí a ti Bushrah mọ́lé, kí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò má baà fọwọ́ kàn án. Opó ni. Ó yẹ kó wà nínú ilé ọkọ rẹ̀, kí àwọn obìnrin máa wá bá a sunkún. Inú àhámọ́ wa ló ti ń ṣe opó, bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì mọ́, wọ́n máa gbé e lọ sí kóòtù. Ó dùn mí, n kò ní purọ́.

*

Fàsásì, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ń dúró dè wá lójúde. Kẹ́gì kẹrosíìnì wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn àpò àgbàdo oníná ló fẹ́ dáná sun, àwọn àgbààgbà ilé ló ń dá a dúró.

"Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani," ló wí. "Ìyàwó tó sè é kò fẹnu kàn án. Kí lẹ tún ń wá?"

"Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni," Madam dáhùn. "Ẹ̀gbo tó ṣẹ́kù ńkọ́?"

"Mo dà á nù."

"Síbo?"

Ó nawọ́ sí etí kòtò. Mo wo ibẹ̀. Àgbébọ̀ mẹ́ta ń tan ilẹ̀, wọ́n sanra, àìsàn kankan kò sí lára wọn. Ọ̀kan tiẹ̀ ń bá òmíràn jà.

"Àwọn adìẹ yìí ti jẹ ẹ̀gbo náà?"

"Wọ́n jẹ ẹ́ tán." Ẹnu rẹ̀ rọ díẹ̀. Mo rí i pé kò tíì rò ó dé ibẹ̀.

Èmi ní tèmi, ojú mi ti wà lára ṣòkòtò rẹ̀. Ìyẹ̀fun funfun kún orúnkún rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀. Mo sì ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ará ilé pé òun àti Nojeem jà lórí ilẹ̀ oko wọn ní ọ̀nà Ìwó: Fàsásì fẹ́ kí wọ́n tà á, Nojeem kọ̀ jálẹ̀. Mo bá fa Madam sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Madam, ẹ wo ṣòkòtò ẹ̀. Ọwọ́ wa ti tẹ̀ ẹ́."

Wọ́n sún mọ́ Fàsásì, wọ́n ní kó gbọn ṣòkòtò rẹ̀. Ìyẹ̀fun náà tú. Kò rùn rárá.

"Iṣẹ́ kí lẹ ń ṣe?"

"POP. Inú ilé kan tí mò ń fi ìyẹ̀fun yìí ṣe àjà ẹ̀ ní Mọ́kọ́lá ni mo sùn mọ́jú nígbà tí wọ́n pè mí pé àbúrò mi kú. Mi ò tíì bọ́ ṣòkòtò yìí látìgbà náà." Ohùn rẹ̀ já. "A jà lórí ilẹ̀, òótọ́ ni. Ṣebí ọmọ ìyá máa ń jà. Mi ò mọ̀ pé ìyẹn la máa sọ gbẹ̀yìn."

Ó jókòó lórí kẹ́gì kẹrosíìnì rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Mo wo ìsàlẹ̀ bàtà mi. Madam ní kó ṣí ọ̀kan nínú àwọn àpò náà fún àwọn. Fàsásì tú okùn rẹ̀, ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Àgbàdo náà mọ́ tónítóní, kò sí ihò kòkòrò kankan lára rẹ̀, ó sì funfun bí eyín ọmọdé.

Madam wo àgbàdo funfun náà, wọ́n wo pupa tó wà nínú bébà wọn.

"Jubril, jẹ́ ká lọ bá Bushrah."

*

Bushrah jókòó sórí ilẹ̀, ó fi ìbòrí dúdú bo orí, ojú rẹ̀ ti wú. Madam kò dúró lé e lórí. Wọ́n fa àpótí kékeré kan, wọ́n jókòó tì í.

"Ṣàlàyé ẹ̀rọ yẹn fún mi bí ẹni pé mi ò kàwé."

"Ìtànṣán ni, mà, ó jọ èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun nílé ìwòsàn. Ó máa ń gba ara ọkà kọjá. Àrùn tó lẹ̀ mọ́ èèpo á kú, kòkòrò tó bá sì wà nínú ẹ̀ kò ní lè bímọ mọ́. Kì í gbóná, kì í fi májèlé kankan sílẹ̀. Wọ́n máa ń wọ̀n ọ́n níwọ̀nba kí ọlẹ̀ inú irúgbìn má baà bàjẹ́."

"Kí ló dé tí o ò jẹ ẹ̀gbo náà?"

Ó fa ìbòrí rẹ̀ mọ́ra.

"Irúgbìn ìdílé ọkọ rẹ, àwọ̀ wo ni?"

"Pupa, mà. Ẹnu ẹ̀ dúdú. Ọwọ́ bàbá bàbá wọn ni wọ́n ti jogún ẹ̀. Kò sí irú ẹ̀ lọ́jà."

"Èyí tí o kó lọ sí ẹ̀rọ ńkọ́?"

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú rẹ̀.

"Bushrah, mo bi ọ́."

"Funfun ni, mà. Àgbàdo Ọjà'ba. Nígbà tí wọ́n tú àpò níbi ẹ̀rọ ni mo rí i. Mo mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀."

"O sì jẹ́ kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀? O kó o wálé, o sè é, o ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Ìyá ọkọ mi ló di àwọn àpò náà fúnra wọn, mà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wí? Kí n dé ilé kí n ní Ìyá, ẹ tàn mí? Mo ní kò burú, màá jẹ́ kí wọ́n rí i pé ti ẹ̀rọ kò bàjẹ́, ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á fúnra wọn gbé pupa fún mi. Àwọn náà ló ní kí n má jẹ ẹ̀gbo yẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, mi ò jẹ."

Madam nu ojú ara wọn. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí níṣojú mi.

"Ṣé o mọ ibi tí wọ́n gbé pupa sí?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò sì wá a. Bí mo bá wá a, ó dà bí ẹni pé mò ń tú ẹrù ìyá ọkọ mi wò."

Mo jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ilé tiwa náà ní ìyá ọkọ àti ìyàwó, mo sì mọ bí ìdákẹ́jẹ́ irú èyí ti ń rí.

*

Madam ní ká wá ẹni tó ta ohun tó di eérú nínú bébà wọn. Ní oríta Bẹẹrẹ, Gàfárù tó ń ta oògùn eku tẹ́ tábìlì rẹ̀ sábẹ́ agbòòrùn. Ẹ̀rọ kékeré kan ń pariwo lórí rẹ̀ láìsinmi: oògùn eku, oògùn aáyán, oògùn ìdun. Madam ṣe bí oníbàárà.

"Èyí tí wọ́n ń fi sínú àpò àgbàdo ńkọ́?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fa agolo kan yọ lábẹ́ tábìlì. "Hóró ni, Màmá. Ẹ jù ú sínú àpò, ẹ di ẹnu ẹ̀. Kòkòrò nìkan ló ń pa."

Mo fi káàdì ọlọ́pàá hàn án. Agolo náà fẹ́ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Láìpẹ́ yìí, ta ló rà á lọ́wọ́ rẹ láti Ọ̀rányàn?" mo bi í.

"Ọ̀gá, èrò pọ̀. Mi ò lè rántí ojú."

"Fi ojú sílẹ̀," Madam wí. "Àwọn tó ń rà á fẹ́ tà á tàbí kí wọ́n jẹ ẹ́. Ṣé ẹnì kan wà tó bi ọ́ bóyá àgbàdo náà á ṣì hù?"

Gàfárù ronú. "Ó wà o. Ìyá àgbà kan. Ojú wọn pọ́n, omi ń bọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní irúgbìn ni àwọn fẹ́ tọ́jú, ṣé kò ní pa ọlẹ̀ inú ẹ̀. Mo ní rárá."

"Wọ́n bi ọ́ bóyá ó léwu fún èèyàn?"

"Wọn ò bi mí."

"Ìwọ náà ò sì sọ."

Mo gba agolo náà, mo sì ní kó ká tábìlì rẹ̀ nílẹ̀, kó ṣáájú mi lọ sí àgọ́. Ẹ̀rọ náà ṣì ń pariwo nínú àpò rẹ̀ bí a ti ń lọ.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Madam, wọ́n ṣì dúró síbi tí mo fi wọ́n sí, wọ́n ń wo òkè Mápó.

"Jubril, ilé ìdáná tí èéfín ẹ̀ ta ọ́ lójú láàárọ̀, kí ló wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀?"

Mo rántí. "Gáàsì, Madam. Gáàsì tuntun olójú méjì."

"Ilé tó ní gáàsì, tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀, tí àwọn ará àdúgbò ń gbé oúnjẹ wá fún. Ta ló ń dáná igi níbẹ̀, kí ló sì ń sè?"

Ìgbà náà ló yé mi. Láyé àtijọ́, orí ààrò ni àwọn ìyá wa ti ń tọ́jú irúgbìn, kí èéfín máa lé kòkòrò. Ẹni tó gbé àpò kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Nojeem ti wá ibì kan gbé e sí.

"Ọ̀nà oko kan ni mo ti rí irú rẹ̀ rí," Madam wí. "Ìdílé kan kó ẹ̀wà sínú yàrá tí wọ́n ń sùn, wọ́n ju hóró yẹn sí i. Tí ọ̀rinrin bá kàn án, ó ń tú afẹ́fẹ́ olóró jáde. Òjò rọ̀ lóru yẹn, Nojeem ti fèrèsé." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó wù mí kó jẹ́ Fàsásì ni, Jubril. Ó wù mí kó jẹ́ ẹni burúkú kan."

*

Ìyá Ràbíátù, ìyá Nojeem, wà nídìí ààrò bí a ti rò. Àgbàdo pupa ni wọ́n tẹ́ sórí àjà tó wà lókè iná. Madam bọ́ bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kúnlẹ̀ sórí ẹní. Èmi dọ̀bálẹ̀, mo sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ìyá, kí Ọlọ́run fòrí jì í."

"Àmín."

"Ìyá, ta ló gbé àpò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹ̀?"

"Èmi ni," ìyá náà dáhùn láìwo ojú ẹnikẹ́ni. "Irúgbìn bàbá wọn nìyí. Ṣé ẹ rí i, orí ààrò yìí ló máa ń wà tẹ́lẹ̀. Nojeem ló ra gáàsì fún mi, ó ní èéfín ń ba ojú mi jẹ́. Iná igi kú, kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Bushrah wá ní òun á gbé e lọ síbi ẹ̀rọ. Ó fẹnu ara ẹ̀ sọ fún mi pé kòkòrò tó bá gba ibẹ̀ kọjá kò ní bímọ mọ́. Àyà mi já. Ohun tó bá lè sọ kòkòrò di àgàn, kí ló máa ṣe fún irúgbìn? Kí ló máa ṣe fún obìnrin tó bá jẹ ẹ́? Ọmọ yẹn ò tíì bímọ, mi ò sì fìgbà kan yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní kó má fẹnu kàn án. Mo ra funfun lọ́jà, mo dì í fún un. Mo gbé pupa pamọ́ sí yàrá ọkọ ẹ̀ torí èmi ni mo máa ń gbá a."

"Nojeem sì jẹ ẹ̀gbo."

"Ó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní Ìyá, ẹ máa wò mí. Ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́." Ìyá fi etí ìró nu ojú. "Ẹ̀rọ yẹn ló pa á. Ṣùgbọ́n Bushrah ò mọ̀ ọ́n mọ̀. Mo ti bẹ Fàsásì títí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá Bushrah sílẹ̀ fún mi, ọmọ mi lòun náà."

Mo wo Madam. Bí a bá gbà pé ẹ̀rọ ló pa á, ọrùn Bushrah ni ẹ̀bi wà, nítorí òun ló kó àgbàdo lọ síbẹ̀. Bí a ò bá gbà á, a ní láti sọ fún abiyamọ yìí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì.

Madam di ọwọ́ ìyá náà mú. "Ìyá, adìẹ jẹ ẹ̀gbo yẹn, wọ́n wà láàyè. Hóró tí ẹ rà ní Bẹẹrẹ ni. Ó ń tú afẹ́fẹ́ tí a kì í rí. Òun ló pa àwọn eku, ó pa ọmọọ́lé ojú fèrèsé."

Wọn kò parí rẹ̀. Kò pọn dandan kí wọ́n parí rẹ̀.

Ìyá Ràbíátù kò ké. Wọ́n kàn ń wo iná.

"Ẹni tó tà á fún mi ní kòkòrò nìkan ló ń pa."

"Irọ́ ló pa fún yín, Ìyá. A ti mú un."

"Bí mo bá jẹ́ kí Bushrah gbé e lọ síbi ẹ̀rọ ẹ̀," wọ́n rọra bèèrè, "ṣé ì bá hù?"

Mo rí i pé Madam fẹ́ purọ́. Mo gbàdúrà nínú mi pé kí wọ́n purọ́. Wọ́n tẹ orí ba.

"Ì bá hù, Ìyá."

*

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bushrah padà sílé ọkọ rẹ̀. Fàsásì pàdé wa lójúde, ó kúnlẹ̀ fún ìyàwó àbúrò rẹ̀. Bushrah gbé e dìde. Ilé ìdáná ló gbà lọ tààrà.

"Wọ́n ní o rí i pé funfun ni," Ìyá wí fún un.

"Mo rí i, Ìyá."

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

Bushrah kúnlẹ̀, ó gbé orí lé itan ìyá ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ dì í fún mi, Ìyá."

Àwọn méjèèjì wá sunkún, ẹkún tí ó ti yẹ kí wọ́n jọ sun láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Madam wò wọ́n títí, wọ́n sì ní kí n lọ wá ẹni tí yóò bá wa kó àgbàdo orí àjà, nítorí òfin ní kí a kó o. Nígbà tí mo padà dé, Ìyá ti da omi sórí iná igi náà. Èéfín rẹ̀ gbilẹ̀, ó bo gbogbo wa, ojú ta mí, ṣùgbọ́n n kò sọ nǹkan kan lọ́tẹ̀ yìí. Bushrah dìde, ó fi ìbòrí nu ojú Ìyá, ó tan gáàsì tí ọkọ rẹ̀ rà, ó sì gbé omi kaná kí Ìyá lè fi bójú.